Ọ̀fọ̀ tí A Kò Tíì Jùmọ̀ Ṣe

Ní ọdọọdún, bí ọjọ́ 15 oṣù Kínní bá ti pé, àwọn aláṣẹ ìlú a máa péjọ ní Àbújá, àti ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ gbogbo, láti fi òdòdó sí ìdí ọwọ̀n ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú. Fèrè ológun a dún, ìbọn a dún ní ìgbà 21, gbogbo ènìyàn a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó tú àwọn ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí wọn máa fò lọ, ní àmì àlàáfíà. Ó ti pẹ́ tí àwa oníròyìn ti ń mú ìròyìn ayẹyẹ náà wá sí etí ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Bí ẹyẹlé bá fò, a ó sọ pé ó fò. Bí ó bá kọ̀ tí ó jókòó tì, àwọn ènìyàn a máa fún un ní ìtumọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa ní ọjọ́ náà: òkú ta ni a ń sọkún?

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni ìbọn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dákẹ́ ní ọdún 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tiwa ni ìjọba gbé ìrántí náà wá sí ọjọ́ 15 oṣù Kínní. Ọjọ́ náà, ní ọdún 1970, ni Ọ̀gágun Philip Effiong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Dodan Barracks ní Èkó, tí wọ́n sì jẹ́wọ́ níwájú Ọ̀gágun Yakubu Gowon pé Biafra ti dópin. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967 parí lẹ́yìn oṣù 30.

Ọjọ́ 15 oṣù Kínní yìí kan náà ní ojú mìíràn. Ní òru rẹ̀ ní ọdún 1966 ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ọmọ ogun kan dìtẹ̀ sí ìjọba. Wọ́n pa Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa; wọ́n pa Sàdáúnà ti Sókótó, Alhaji Ahmadu Bello, ní Kàdúná; wọ́n pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn; wọ́n pa Olóyè Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò owó. Wọ́n pa àwọn àgbà ọ̀gágun pẹ̀lú. Nínú wọn ni Samuel Adémúlẹ́gun, tí a pa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn ní Kàdúná. Nítorí pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí àwọn olóṣèlú tí ó kú sì jẹ́ ará ibòmíràn, ohun tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ṣe ni a kà sí odindi ẹ̀yà kan lọ́rùn. Nítorí náà, bí fèrè ti ń dún ní Àbújá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ìdílé ń bẹ ní Sókótó, ní Bauchi àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí òkú mìíràn wà lọ́kàn wọn.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni ẹ̀san dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun tí ó jẹ́ ará Òkè Ọya yí ilé ìjọba ká ní Ìbàdàn, níbi tí olórí ìjọba ológun, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, ti wá bá àwọn ọba ṣe ìpàdé. Wọ́n mú un, wọ́n sì mú Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, tí ó gbà á lálejò. Ìtàn tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé àwọn méjèèjì jọ kú ni, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Umuahia, nínú igbó kan náà lẹ́bàá Lálùpọn. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ 29 oṣù Keje ti di ọjọ́ ìdárò ní ilé méjì tí ó jìnnà sí ara wọn.

Ní oṣù Karùn-ún, ní oṣù Keje, àti jùlọ láti oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kẹwàá ọdún 1966, a pa àwọn ará Ìlà Oòrùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Òkè Ọya: oníṣòwò, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ réluwé, àti àwọn aya àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn tí ó sá padà lọ sí ilé ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìpàdé tí a ṣe ní Aburi, ní ilẹ̀ Ghana, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967, kò lè tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu kéde pé Ìlà Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè lọ́tọ̀. Ọjọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ fi ń rántí òkú wọn títí di òní, tí ọjà ń tì, tí ọ̀nà sì ń dá páropáro.

Ẹ kíyè sí bí ìrántí náà fúnra rẹ̀ ti ń bí òkú tuntun. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ Amnesty International kọ ìwé pé ó kéré tán 60 ènìyàn ni àwọn agbófinró pa láàárín ọjọ́ méjì nígbà ìrántí ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Onitsha. Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọmọ ogun márùn-ún tí ó ń ṣọ́nà ní Aba, wọ́n sì pa àwọn ará ìlú pẹ̀lú wọn. Bí a kò bá lè sọkún òkú láìpa ẹlòmíràn, a jẹ́ pé ẹkún náà kò tíì rí àyè ní ilẹ̀ yìí.

Ọjọ́ mìíràn ń bẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 1967, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti lé àwọn ọmọ ogun Biafra kúrò ní Àárín Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n wọ ìlú Asaba. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní akwa ocha, wọ́n jáde pẹ̀lú orin àti ijó láti fi hàn pé ẹ̀yìn Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn wà. A ya àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, a kó wọn lọ sí Ogbe-Osowa, a sì yìnbọn pa wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọ̀pọ̀ ni a sin papọ̀ nínú kòtò kan, láìmọ ẹni tí ó wà ní apá ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù lọ." Àwọn ìyá ní Asaba rí ikú àti ìnù papọ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí ni ìdí tí a fi ka ọjọ́ wọ̀nyí sí yín létí? Ìdí rẹ̀ ni pé ogun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn so mọ́, síbẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọjọ́ tirẹ̀, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ó ń sọkún òkú tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó ń dárò Sàdáúnà kì í sábà dárò ọmọ Onitsha tí a pa ní Kano. Ẹni tí ó ń dárò àwọn ọmọ tí ebi pa ní Biafra kì í sábà rántí ìyàwó Adémúlẹ́gun. Àwọn Ìbìbíò, àwọn Ìjọ àti àwọn Ogóni, tí ìyà jẹ ní ọwọ́ ìhà méjèèjì, kò rí ẹni tí yóò bá wọn dárò rárá.

Àwa Yorùbá mọ̀ pé a kì í ṣe ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá kú ní agbo ilé, aládùúgbò tí ó bá olóògbé jà ní àná yóò wá jókòó lórí ẹní, yóò ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sì dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá wá ni ìjà rẹ̀ kò tíì parí. Ìkíni yẹn kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi nínú ìjà àná. Ohun tí ó sọ ni pé òkú yìí, ènìyàn ni. Ìkíni yìí ni orílẹ̀-èdè wa kò tíì kí ara rẹ̀ láti ọdún 1970.

Kí a má baà ṣe àìṣòdodo, ó yẹ kí a sọ ohun rere tí a ṣe nígbà náà. Ogun abẹ́lé púpọ̀ ni ó parí nínú ayé yìí tí aṣẹ́gun sì to àwọn tí ó ṣẹ́gun sí ìdí ògiri. Gowon kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun; a kò gbé ilé-ẹjọ́ kalẹ̀ láti fìyà ogun jẹ ẹnikẹ́ni, a sì gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba padà sí ẹnu iṣẹ́. Ní ọdún 1973 ni a dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ Abẹ́òkúta lè sun ilé ní Maiduguri, kí ọmọ Katsina sì lè jẹun ní Calabar. Ní Èkó àti ní àwọn ìlú kan ní Òkè Ọya, àwọn onílé Ìgbò padà dé bá ilé wọn ní ipò tí wọ́n fi í sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ bá owó ilé tí aládùúgbò ti ń gbà pamọ́ dè wọ́n. Kò sí òfin tí ó fi ipá mú aládùúgbò bẹ́ẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn wà ní báǹkì ní ìhà Biafra ni a fún ní £20 péré, iye yòówù kí ó ti wà nínú ìwé wọn. Ní Port Harcourt, ilé àwọn tí ó sá lọ ni a sọ ní ohun ìní tí a kọ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì rí ilé wọn gbà padà mọ́. Àwọn ọmọ ogun Biafra tí ọta ìbọn sọ di arọ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́bàá ọ̀nà ní Oji River, tí wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò tí ń kọjá. Ebi tí ó pa àwọn ọmọdé nígbà tí a ti ọ̀nà oúnjẹ, tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, kò ní ọwọ̀n ìrántí tí olórí orílẹ̀-èdè ń fi òdòdó sí. A kò tilẹ̀ mọ iye wọn: àwọn òpìtàn kan sọ pé gbogbo ẹni tí ogun náà pa tó ìdajì mílíọ̀nù, àwọn mìíràn sọ pé wọ́n tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Nígbà tí ìṣirò òkú bá lè fi mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ yàtọ̀ síra, ó yé wa pé kò sí ẹni tí ó jókòó láti kà wọ́n.

A ó rí ẹni tí yóò sọ pé kí a má ṣe họ egbò tí ó ti jiná. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ìwé yìí kò tíì dé ayé nígbà tí ogun náà parí. Ó mọ̀ pé àwọn tí ó rí i lójú a máa fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ oníṣègùn. Bí egbò bá jinlẹ̀, kì í fi aṣọ bò ó lásán; yóò kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, aláìsàn yóò sì ké, kí ó tó dì í. Egbò tí a dì láìfọ̀, abẹ́ aṣọ ni ó ti ń jẹrà. Àwọn àgbà tún sọ pé ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ìgbà kan wà tí a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ohun tí àwọn ọmọ wa kéékèèké ń kọ́ ní ilé-ìwé. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ní gbogbo àkókò náà, àwọn ọmọ kò ṣe aláìgbọ́ ìtàn ogun. Inú yàrá ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ẹni tirẹ̀, tí kò sì sí olùkọ́ tí yóò gbé ìtàn ilé kejì síwájú rẹ̀.

A ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti jókòó papọ̀. Ní ọdún 1999, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, tí ó ti fẹ̀yìn tì kúrò ní ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, láti wádìí ìwà ìkà tí a ti hù sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà mú ẹ̀sùn wá, Ohanaeze ti Ìgbò kó ọ̀rọ̀ ọdún 1966 àti ti ogun wá síwájú rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń wò ó lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ìgbìmọ̀ náà kó ìwé rẹ̀ fún ìjọba ní ọdún 2002. Ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì mú àbá rẹ̀ ṣẹ. Àwọn ènìyàn ti tú aṣọ kúrò lójú egbò wọn, a sì ní kí wọn máa gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ohun méjì ti ìgbà náà fi hàn pé kò pẹ́ jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gágun ní ìhà ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun, yí ìlésẹ́yìn àwọn ọmọ ogun tí ó jà fún Biafra padà sí ìfẹ̀yìntì. Ní ọdún 2002, Gowon lọ sí Asaba, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà. Ọdún 35 ni ó ti kọjá. Àwọn opó kan ti kú kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo aládùúgbò wa kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Sàró, tí ọ̀pọ̀ baba ńlá àwọn ìdílé Èkó àti Abẹ́òkúta ti padà wá sílé. Ogun jà níbẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 1991 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002. Àdéhùn tí a ṣe ní Lomé ní oṣù Keje ọdún 1999 ní kí a dá ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Humper ni ó ṣe alága rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí a gé lọ́wọ́ àti ẹni tí ó gé e, ó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, pẹ̀lú ẹ̀dà kan tí a ṣe fún àwọn ọmọdé kí wọn lè kà á. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe tún wà, tí ó dá ènìyàn mẹ́sàn-án lẹ́bi ọ̀ràn ogun náà. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́, àwọn ará abúlé sì mọ èyí. Láti ọdún 2008 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Fambul Tok, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí ní èdè Krio, ti ń pe àwọn ará abúlé jókòó yí iná ká ní alẹ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ yóò dìde, yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ yóò dìde, yóò jẹ́wọ́, yóò sì bẹ̀bẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni omijé a gbẹ, òṣì kò sì tán ní ilẹ̀ Sàró. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń pọn omi nínú odò kan náà ti lè kí ara wọn.

Kí ni èyí fún wa lónìí? Nínú yàrá ìròyìn, bí a bá gbọ́ pé a ti pa ènìyàn ní Plateau, ní Benue, ní Zamfara tàbí ní Borno, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ̀yà wo ni?" Orúkọ kì í jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí kò jẹ́ ẹ. Bí òkú bá jẹ́ tiwa, a ó bínú. Bí ó bá jẹ́ tiwọn, a ó yí ẹ̀rọ sí ibi tí orin gbé wà. Àrùn ọdún 1966 gan-an nìyẹn, tí ó fi ń rìn láàárín wa. Ìbínú tí ó ń dún lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ogun náà, láti inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru.

Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe kò fara sin. Kí a ka àwọn òkú wa, kí a kọ orúkọ tí a bá lè rí sílẹ̀, ìhà yòówù tí wọn ì báà wà. Kí a tẹ ìwé ìgbìmọ̀ Oputa jáde. Kí ọjọ́ 15 oṣù Kínní, tí ó ti jẹ́ ọjọ́ òpin ogun tẹ́lẹ̀, di ọjọ́ tí a fi òdòdó kejì lélẹ̀ fún àwọn tí kò gbé ìbọn: ọmọ tí ebi pa, òṣìṣẹ́ réluwé tí a pa ní ibùdókọ̀, ọkùnrin Asaba nínú aṣọ funfun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí ìjọba bá pàṣẹ kí a tó kí aládùúgbò wa. Ìwọ olùgbọ́ wa tí o wà ní Kano, bí aládùúgbò rẹ tí ó jẹ́ Ìgbò bá ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tí ó kú nínú ìdílé rẹ̀. Ìwọ tí o wà ní Enugu, bí o bá bá ará Sókótó pàdé, má ṣe rò pé òun kò ní òkú. Ìwọ tí o wà ní Ìbàdàn, rántí pé nínú igbó Lálùpọn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà méjì dàpọ̀, ilẹ̀ kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ojú àpá kò lè jọ ojú ara; a kò tan ara wa pé ohun tí ó sọnù yóò padà. Ṣùgbọ́n àpá kì í dun ni bí egbò. Kí Ọlọ́run tu gbogbo ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, ní ìhà yòówù tí wọ́n wà, kí ó sì fún wa ní ẹnu tí a ó fi kí ara wa. Ẹ kú ará fẹ́ra kù.